Mary Beard: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi orísun ẹ̀rí han ará ìta

Bí ẹ bá ti wo fíìmù nípa Róòmù àtijọ́ rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ọ̀gágun tó ṣẹ́gun tó ń wọ̀lú. Ó dúró nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin, wọ́n kun ojú rẹ̀ ní pupa, aṣọ elése àlùkò tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹrú kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé adé wúrà sókè orí ọ̀gá náà, ó sì ń sọ sí i létí pé: "Bojú wẹ̀yìn, rántí pé ènìyàn lásán ni ọ́." Àwọn oníwàásù ń lò ó, àwọn tó ń kọ́ni ní aṣáájú ń lò ó. Lọ́dún 2007, Mary Beard, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ Róòmù àti Gíríìsì àtijọ́ ní Yunifásítì Cambridge, gbé ìwé rẹ̀ The Roman Triumph jáde, ó sì bèèrè nípa ìtàn yìí pé: ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló sì sọ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìbéèrè náà díẹ̀, nítorí bí obìnrin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Juvenal, akéwì ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, sọ̀rọ̀ ẹrú tó wà nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú adé, àmọ́ kò sọ pé ẹrú náà la ẹnu. Ìwọ́de tó ṣáájú eré ìje ẹṣin ló tiẹ̀ ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe ti ìṣẹ́gun gan-an. Tertullian, Kristẹni ará Carthage ní Àríwá Áfíríkà, tó ń kọ̀wé ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ló kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní wọ́n ń sọ ọ́ láti ẹ̀yìn, kò sì dárúkọ ẹrú rárá. Ọwọ́ Zonaras ni ẹrú, adé àti ọ̀rọ̀ ti wá pàdé, ìyẹn ará Constantinople tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, tó ń ké ìwé Cassius Dio, òpìtàn Róòmù, kúrú. Láàárín Juvenal sí Zonaras, ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ wá wo àwòrán ara òkúta: lẹ́yìn olú-ọba Titus lára ẹnubodè rẹ̀ ní Róòmù, òrìṣà ìṣẹ́gun oníyẹ̀ẹ́ ló dúró níbẹ̀. Lára ife fàdákà tí wọ́n rí ní Boscoreale, ẹrú ló wà lẹ́yìn olú-ọba Tiberius. Aṣọ alábùlẹ̀ ni àwòrán tí gbogbo wa mọ̀, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló rán an, wọn kò sì rán an lọ́jọ́ kan náà.

Beard kò sọ pé irọ́ ni. Ó fi ojú rírán rẹ̀ hàn wá, ó sì ní ká máa rántí pé ó wà níbẹ̀ nígbàkigbà tí a bá tún un sọ. Lójú tèmi, ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé ìtàn àtijọ́ wá sí ojúde nìyí. Wọ́n máa ń sọ pé ó mú ìmọ̀ tó le di ìrọ̀rùn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe le tó, ó wá ṣílẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀rí wò, ó ní kí ará ìta wọlé wá jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ bí ó ṣe pẹ́ tó nínú yàrá yẹn kó tó ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni wọ́n bí i, ní Much Wenlock ní Shropshire. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ìyá rẹ̀, ayàwòrán-ilé ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba ló ti ń bá àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi. Lọ́dún 1973 ó wọ Newnham, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ní Cambridge. Ẹ rántí pé yunifásítì náà kò fún obìnrin ní oyè kíkún títí di 1948, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtàn àtijọ́ níbẹ̀. Ẹ̀sìn ìlú Róòmù nínú ìwé Cicero, olóṣèlú àti òǹkọ̀wé Róòmù, ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1982. Ó ti ń kọ́ni ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1979. Ó padà sí Cambridge ní 1984, òun nìkan sì ni obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ náà nígbà yẹn.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ ọ ni Joyce Reynolds, tó kú lọ́dún 2022 lẹ́ni ọdún 103. Ọ̀gá ni Reynolds nínú kíka ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Ọdún 1952 ni òun àti J. B. Ward-Perkins gbé ìwé àkójọ àwọn òkúta Tripolitania ní Líbíà jáde, àwọn onímọ̀ sì ń lò ó títí dòní. Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ òkúta yìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ibi tí ìgboyà Beard níwájú kámẹ́rà ti wá.

Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà máa ń fi bébà ṣe ẹ̀dà òkúta. Bébà tó nípọn, tí kò ní gọ́ọ̀mù, irú èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ní láàbù, ni wọ́n ń lò. Ẹ ó kọ́kọ́ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ òkúta náà, kí ilẹ̀ tó wọ inú lẹ́tà lè jáde. Ẹ ó tẹ́ bébà lé e nígbà tí òkúta ṣì tutù, ẹ ó fi omi rin ín, ẹ ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì onírun líle, ẹ ó máa fi gbá bébà náà láti àárín lọ sí etí títí yóò fi wọ inú gbogbo ihò lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, ẹ ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ délẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà tó wà níbẹ̀ kò ní yọ. Bí ẹ bá gbá a jù níbi tí òkúta ti mú, yóò ya. Bí ẹ bá kánjú ṣí i nígbà tó ṣì tutù, yóò fẹ̀, ìwọ̀n lẹ́tà á sì dàrú. Atẹ́gùn níta lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ di etí rẹ̀ mú. Òkúta tí ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má fi bébà kàn án rárá, nítorí omi yóò fọ ọ̀dà náà dànù. Tó bá gbẹ, ẹ̀yìn bébà náà ni wọ́n ń kà: lẹ́tà yóò yọ sókè, yóò dojú kọ òdìkejì, wọ́n á wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè fi ibi tí irin ti kọjá hàn.

Kíkà tún ní ìlànà tirẹ̀. Òkúta ibojì Róòmù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D M, tó dúró fún Dis Manibus: fún ẹ̀mí àwọn òkú. Orúkọ ló máa ń tẹ̀ lé e. Bí lẹ́tà L bá wà láàárín orúkọ, a jẹ́ pé ẹrú tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ni, orúkọ tó ṣáájú L sì ni ti ọ̀gá rẹ̀. VIX AN yóò sọ iye ọdún tó lò láyé. Ẹni tó gbé òkúta náà kalẹ̀ sábà máa ń sọ orúkọ tirẹ̀ náà. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà jù ni ọjọ́ orí: ẹ kà á jọ, ẹ ó rí i pé 20, 25, 30 àti 40 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ọjọ́ orí wọn gan-an, wọ́n kàn yí i sí nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn ni. Ẹni tó bá wá kó òkúta jọ láti fi ṣírò iye ọdún tí ará Róòmù ń lò láyé, ìṣirò rẹ̀ á yẹ̀. Òkúta tún ń ná owó, nítorí náà òtòṣì kò sí nínú àkójọ náà. Àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí aráyé mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan. Lọ́dún 1878, wọ́n rí òkúta ibojì kan ní South Shields, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ibi tí odi Hadrian, tí àwọn ará Róòmù mọ, parí sí. Ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Obìnrin kan jókòó sórí àga tí wọ́n hun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lára àpótí ohun ọ̀ṣọ́ tó ṣí sílẹ̀, ọ̀pá òwú àti ìrànwú wà lórí itan rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ òwú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lápá òsì. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Látìn tó wà nísàlẹ̀ sọ pé Regina ni, ọmọ ẹ̀yà Catuvellauni, ìyẹn àwọn ará gúúsù ilẹ̀ náà, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ẹrú tí Barates ará Palmyra dá sílẹ̀ tó sì fi ṣaya. Palmyra wà ní Síríà. Ìlà kan tún wà lábẹ́ Látìn náà ní èdè Palmyra fúnra rẹ̀: Regina, ẹni tí Barates dá sílẹ̀, págà!

Ẹ wo ohun tí ojú tó ti kọ́ṣẹ́ ń rí níbẹ̀. Gírámà Látìn náà kò tọ́: lẹ́yìn Dis Manibus, orúkọ òkú yẹ kó wà ní ìrísí tó túmọ̀ sí "ti Regina" tàbí "fún Regina", bẹ́ẹ̀ kọ́ ni agbẹ́kùúta ṣe é. Ìlà Palmyra ńkọ́? Ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ já gaara. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ará Síríà ló gbẹ́ òkúta náà fún ará Síríà, ní ibi tí òjò ti ń pa wọ́n. Òkúta mìíràn wà ní Corbridge, ní ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, tó dárúkọ ará Palmyra kan tó kú lẹ́ni ọdún 68, tí ìyókù orúkọ rẹ̀ jọ Barates. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú àsíá: àwọn kan ní sójà tó ń gbé àsíá ni, àwọn mìíràn ní oníṣòwò tó ń tà á ni. Bóyá ọkọ Regina ni, bóyá òun kọ́. Beard lo òkúta Regina nínú ìwé rẹ̀ SPQR, ó sì fi ìfẹ́ àti agbára síbẹ̀ pọ̀: ọkùnrin tó ra obìnrin yìí tàbí tó ni ín ló tún ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní èdè ìyá tirẹ̀. Òkúta náà kò sọ fún wa bóyá wọ́n bi obìnrin náà léèrè kó tó di ìyàwó.

Mo fẹ́ràn pé iṣẹ́ rẹ̀ kò sáré yọ. Lọ́dún 1985 òun àti Michael Crawford gbé ìwé kékeré kan jáde nípa ìgbẹ̀yìn ìjọba olómìnira Róòmù. Ọdún 1985 àti 1987 ló bímọ, ìwé tó sì jáde lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1990 lè rò pé ó ti dákẹ́. Nígbà tó di 1992, ó di olóòtú ẹ̀ka Classics, ìyẹn ìmọ̀ Róòmù àti Gíríìsì àtijọ́, fún Times Literary Supplement, ìwé ìròyìn tó ń yẹ ìwé wò. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dá. Olóòtú yẹn ló ń pinnu ìwé tí wọ́n máa yẹ̀ wò nínú àwọn tó dé, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, àti iye ọ̀rọ̀ tó máa lò. Tí onímọ̀ bá kọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan lè kà, olóòtú ló máa dá a padà. Ẹni tó bá fi ọdún púpọ̀ gé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kúrú báyìí yóò mọ bí a ṣe ń gé ti ara ẹni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan kì í mọ̀. Lọ́dún 1980, nígbà tó ṣì jẹ́ ẹni ọdún 25, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Journal of Roman Studies nípa àwọn Vestal, àwọn wúńdíá tó ń tọ́jú iná òrìṣà Vesta ní Róòmù. Ó ní ipò wọn dà pọ̀: wọ́n jẹ́ wúńdíá, wọ́n ń wọṣọ bí abiléko, wọ́n sì ní àwọn ẹ̀tọ́ tó jẹ́ ti ọkùnrin. Àpilẹ̀kọ náà gbajúmọ̀, gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí i. Lọ́dún 1995 ni Beard fúnra rẹ̀ tún jókòó, ó kọ òmíràn láti tako ti àkọ́kọ́, ó tọ́ka sí ibi tí àlàyé rẹ̀ àtijọ́ ti rọrùn jù. Kò sí ẹni tó fipá mú un. Onímọ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí, mo lè gbẹ́kẹ̀ lé e tó bá sọ níwájú kámẹ́rà pé, "A kò mọ èyí."

Religions of Rome, tó kọ pẹ̀lú John North àti Simon Price, jáde ní ìdìpọ̀ méjì lọ́dún 1998. Èkíní jẹ́ ìtàn, èkejì kó àwọn ẹ̀rí náà gan-an jọ kí òǹkàwé lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. The Parthenon tẹ̀ lé e ní 2002. Keith Hopkins ló bẹ̀rẹ̀ ìwé Colosseum, ó kú ní 2004, Beard parí rẹ̀, ó jáde ní 2005. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 2004, ó sì bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gù A Don's Life ní 2006.

Ìwé Pompeii, nípa ìlú Róòmù tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀, wá dé lọ́dún 2008, ó sì gba ẹ̀bùn Wolfson fún un. Ìwé yìí ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn àtijọ́ fún gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ kà, nítorí gbogbo ọ̀fìn tó wà lójú ọ̀nà náà ló wà níbẹ̀. Ọ̀fìn àkọ́kọ́: pé ìlú náà dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ tí òkè Vesuvius bú gbàmù lọ́dún 79. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá, wọ́n ti kó ẹrù wọn. Àwọn kan padà wá gbẹ́ ihò wọnú ilé láti kó ohun iyebíye. Bọ́ǹbù já lu ibẹ̀ lọ́dún 1943 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀pọ̀ ògiri àti òrùlé tí àlejò ń rí lónìí, àwọn alátùn-únṣe ló tún un kọ́. Ọjọ́ tí òkè náà bú gan-an ṣì ń fa àríyànjiyàn: ìwé tí wọ́n dà kọ láti inú lẹ́tà Pliny, ẹni tó ṣojú rẹ̀, sọ pé 24 oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n lọ́dún 2018 wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi èédú kọ sára ògiri, ọjọ́ tó sì wà lára rẹ̀ bọ́ sí 17 oṣù Kẹwàá. Èédú kì í pẹ́ lára ògiri, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọdún tí òkè náà bú ni wọ́n kọ ọ́.

Ọ̀fìn kejì ni kíkà. Ilé aṣẹ́wó mélòó ló wà ní Pompeii? Àwọn kan ka 35. Bí wọ́n ṣe kà á ni pé yàrá tó bá ní ibùsùn olókùúta, àwòrán ìbálòpọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ rírùn lára ògiri, wọ́n á pè é ní ilé aṣẹ́wó. Àwòrán irú bẹ́ẹ̀ sì wà nínú ilé àwọn olówó pẹ̀lú. Bí ẹ bá ní kí gbogbo àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé síbi kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Ìlú kan náà ni, ògiri kan náà ni: bí a ṣe túmọ̀ ohun tí a ń kà ló sọ 35 di 1. Nígbàkigbà tí ẹ bá rí nọ́ńbà nínú ìwé ìtàn àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí òǹkọ̀wé náà gbà pé ó yẹ ní kíkà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù nígbà mìíràn ni ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn. Ní Herculaneum, ìlú kejì tí òkè náà bò mọ́lẹ̀, ṣálángá ńlá kan wà lábẹ́ ilé tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ayálégbé ń gbé. Àwọn awalẹ̀pìtàn kó àpò tó lé ní 700 jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì sẹ́ ẹ. Wọ́n rí egungun ẹja, èèpo ẹyin, hóró ọ̀pọ̀tọ́ àti ìkarahun òkun. Ìwé àwọn ọlọ́lá kò sọ ohun tí àwọn ènìyàn yẹn ń jẹ fún wa. Ṣálángá wọn sọ ọ́.

Ọdún 2010 ni BBC gbé ètò rẹ̀ nípa Pompeii jáde. Ẹni ọdún 55 ni. Meet the Romans tẹ̀ lé e ní 2012, ìyẹn ló sì dára jù lójú mi. Ọ̀nà tó gbà ṣe é rọrùn láti ṣàpèjúwe, kò rọrùn láti ṣe. Ó lọ dúró níwájú ohun kan, ó ka Látìn ara rẹ̀ sókè, ó túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nílé, ó wá bèèrè ìbéèrè. Ẹ wo ibojì Eurysaces lẹ́bàá ẹnubodè Porta Maggiore ní Róòmù. Oníbúrẹ́dì ni, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀. Ó kú ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní ṣáájú ìbí Jésù. Ibojì náà kún fún ihò róbótó ńláńlá tó jọ ohun èlò ilé búrẹ́dì. Lókè rẹ̀ wọ́n gbẹ́ iṣẹ́ náà ní ìpele-ìpele: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń yí ọlọ, ọkùnrin ń ti búrẹ́dì sí ààrò, àwọn kan ń wọn búrẹ́dì lórí ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní oníbúrẹ́dì ni, ó ń gba kọ́ńtíráàtì, ó wá fi ọ̀rọ̀ apparet parí. Àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà: ó lè jẹ́ "ó hàn gbangba", ó sì lè jẹ́ pé ó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́. Ti ìyàwó rẹ̀, Atistia, tún wà lọ́tọ̀: ó ní ohun tó kù lára rẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì yìí.

Òkè Testaccio náà ńkọ́, lẹ́bàá odò Tiber? Òkè tó ga tó mítà 35 ni, àpáàdì sì ni gbogbo rẹ̀. Ìkòkò òróró ólífì tó ń ti gúúsù Sípéènì wá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí lítà 70, òfìfo rẹ̀ sì wúwo tó kílò 30. Kí ló dé tí wọn kò tún un lò bíi ti wáìnì? Òróró máa ń wọnú amọ̀, ó ń kan, ó sì ń rùn. Nítorí náà wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń bu ìyẹ̀fun láìmù lé e kí òórùn lè dínkù. Ara àwọn àpáàdì kan ṣì ní ìwọ̀n òróró, orúkọ oníṣòwò àti ọdún. Bí ẹnì kan bá dúró lórí òkè yìí tó mú àfọ́kù kan lọ́wọ́, kò nílò òṣèré tó wọ aṣọ sójà Róòmù kí òǹwòran tó lóye bí ìlú tó ní mílíọ̀nù ènìyàn ṣe ń jẹun.

SPQR, tó jáde ní 2015, fi ìwà kan náà ṣe ètò odindi ìwé. Ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún ni, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Romulus. Ọdún 63 ṣáájú ìbí Jésù ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Cicero gbógun ti Catiline, tí wọ́n ní ó fẹ́ dìtẹ̀ sí ìjọba, nítorí ìgbà yẹn ni ẹ̀rí ti nípọn: ọ̀rọ̀ tí Cicero sọ, lẹ́tà rẹ̀, ìwé òpìtàn Sallust. Ó dúró sí ibi tí ilẹ̀ ti le, kó tó wá padà sẹ́yìn wo ìpìlẹ̀ ìlú náà, ó sì ń fi hàn pé ìtàn Romulus tí a ní jẹ́ èyí tí àwọn ará ìgbà Cicero sọ gẹ́gẹ́ bí ìṣòro tiwọn. Ọdún 212, nígbà tí olú-ọba Caracalla sọ gbogbo ọmọ òmìnira ilẹ̀ ọba náà di ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù, ló parí rẹ̀ sí. Ẹni tó ń gbèrò láti kọ ìtàn ìlú tirẹ̀ lè kọ́ ìyẹn níbẹ̀.

Iṣẹ́ ojúde ní ẹ̀gún. Lẹ́yìn Meet the Romans, oníròyìn kan kọ̀wé nípa irun àti eyín rẹ̀ dípò iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2013, lẹ́yìn ètò kan tó ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn àjèjì tó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èébú tó tẹ̀ lé e burú débi pé kò ṣeé kọ síbí. Ó dáhùn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní British Museum lọ́dún 2014, tó padà wọ ìwé Women & Power lọ́dún 2017, ó padà sí ìwé kìn-ín-ní Odyssey, ewì ìtàn Gíríìkì àtijọ́, níbi tí Telemachus ti sọ fún ìyá rẹ̀, Penelope, pé kó padà sí yàrá rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ti ọkùnrin. Ọmọdékùnrin ló ń pa àgbàlagbà obìnrin lẹ́nu mọ́, nínú ilé tirẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lára àwọn ìwé àtijọ́ jù tí Yúróòpù ṣì ń kà.

Lọ́dún 2017 kan náà, àwọn kan bínú sí fídíò tí BBC ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, nítorí bàbá ìdílé Róòmù tó wà nínú rẹ̀ ní Bìrìtéènì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Beard ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ó sì dárúkọ Quintus Lollius Urbicus, gómìnà Bìrìtéènì láti nǹkan bí ọdún 139, ọmọ Tiddis ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlgéríà lónìí. Àwọ̀ ara rẹ̀ kò sí lákọsílẹ̀, Beard kò sì díbọ́n pé ó wà. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ tó: olú-ọba Septimius Severus, ọmọ Leptis Magna ní Líbíà, kú sí York lọ́dún 211. Àwọn sójà Moor, ará Àríwá Áfíríkà, wà ní Burgh by Sands ní ẹ̀bá odi Hadrian. Òkúta Victor, ọmọ Moor, ẹrú tí sójà ẹlẹ́ṣin kan dá sílẹ̀, tó kú lẹ́ni ogún ọdún, wà ní South Shields níbi tí ti Regina wà. Lọ́dún 2018, Beard, Simon Schama àti David Olusoga, tí wọ́n bí ní Èkó, jọ ṣe ètò Civilisations, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n fi í jẹ oyè Dame.

Nígbà tó ń fẹ̀yìn tì ní Cambridge lọ́dún 2022, ó fi £80,000 sílẹ̀ láti ran akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ́wọ́, àwọn tí irú wọn kò pọ̀ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ náà. Orúkọ Joyce Reynolds ló fi sọ ẹ̀bùn náà. Emperor of Rome jáde ní 2023.

Fún ẹni tó ń kà yìí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ka Classics wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, Látìn ni kí ẹ sì kọ́kọ́ mú, Gíríìkì lè tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ lọ sí ìkànnì Roman Inscriptions of Britain, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ RIB 1065 fún Regina, RIB 1064 fún Victor. Ẹ ó rí àwòrán, Látìn bó ṣe wà lára òkúta, Látìn tí wọ́n ti tú àgékúrú rẹ̀ palẹ̀, àti ìtumọ̀. Ẹ bo ìtumọ̀ mọ́lẹ̀ ná. Ẹ fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà láti D M, ẹ wá orúkọ, ẹ wá ọjọ́ orí, ẹ wá ẹni tó sanwó òkúta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí ìtumọ̀ wò.